Wọ́n Wọn Ilẹ̀ La Porte, Ta Ni Yóò Wọn Ti Èkó?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà sí agbègbè Houston ni ilé ìwé ti kó lọ sí La Porte rí, láti lọ wo òpó ìrántí San Jacinto. Òpó náà ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 567. Wọ́n kọ́ ọ láàárín ọdún 1936 sí 1939, fún ìrántí ogun tí Sam Houston ti ṣẹ́gun Santa Anna ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1836. Àwọn olùkọ́ máa ń ròyìn ogun náà dáadáa. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé apá kan ọgbà ìrántí yẹn kò sí lórí ilẹ̀ gbígbẹ mọ́. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún éékà ti wà lábẹ́ omi. Kì í kàn ṣe pé omi gòkè wá bò ó. Ilẹ̀ ló lọ sílẹ̀ lọ bá omi.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń rì yìí tún di ìròyìn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a ń pè ní Nature Cities. Àwọn tó ṣe é fi sátẹ́láìtì wọn ìlú ńlá 28 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé kò sí èyí tí kò rì nínú wọn, ì báà jẹ́ díẹ̀. Houston ló ń yára jù. Ó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ lọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ohun tó ju mìlímítà 5 lọ lọ́dún, nǹkan bí ìdá 12 sì ń lọ ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú lórí ìwádìí náà ni Leonard Ohenhen, ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2022, òun àti Manoochehr Shirzaei ti gbé irú iṣẹ́ yìí kan náà jáde lórí ìlú Èkó. Ìròyìn ti Houston dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ti Èkó ńkọ́? Ẹni mélòó nínú àwọn òbí wa, tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé láti ra ilẹ̀ ní Lẹ́kí àti Àjá, ló gbọ́ nípa rẹ̀?

Ìdí tí a fi mú kálámù nìyẹn. Ilẹ̀ tó ń rì kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mìlímítà márùn-ún lọ́dún kò tó ìwọ̀n èékánná ìka, ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán rí i. Bí kò bá sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún, tó sì ń kéde iye rẹ̀ síta, ọjọ́ tí omi bá wọ pálọ̀ ni a óò tó mọ̀. Ìyà jẹ àwọn ará La Porte àti àdúgbò rẹ̀ kí wọ́n tó mọ èyí. A kò rí ìdí tí Èkó fi gbọ́dọ̀ jẹ irú ìyà kan náà kó tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ni à ń sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èèpo ayé pín sí awẹ́ ńláńlá bí obì, níbi tí awẹ́ méjì bá sì ti pàdé létí òkun, ilẹ̀ lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Ní Alaska ní ọdún 1964, ìmìtìtì ilẹ̀ gbé apá kan erékùṣù Montague sókè ju ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó sì tẹ àwọn ibòmíràn rì. Ní Japan, ní oṣù Kẹta ọdún 2011, etíkun Oshika rì ju mítà kan lọ. Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ní ọjọ́ kìíní ọdún 2024, etíkun Noto gòkè débi pé omi gbẹ ní àwọn èbúté apẹja kan. Kódà láàárín ìmìtìtì kan sí òmíràn, ilẹ̀ irú ibẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́: awẹ́ kan ń ti èkejì, etíkun ń gbéra tàbí ó ń rẹlẹ̀ ní mìlímítà mélòó kan lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí Japan fi to ibùdó GPS tó ju 1,000 lọ káàkiri ilẹ̀ wọn.

La Porte jìnnà réré sí ibi tí awẹ́ ilẹ̀ ti pàdé. Èkó náà jìnnà sí i. Ilẹ̀ etí omi tó jẹ́ amọ̀ àti yanrìn máa ń rọ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá La Porte kì í ṣe ti Ẹlẹ́dàá. Ọwọ́ ènìyàn ló fà á, a sì ní ẹjọ́ kóòtù tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ní òdìkejì omi sí La Porte, ní Baytown òní, ni oko epo Goose Creek wà. Láàárín ọdún 1917 sí 1925, ilẹ̀ ibẹ̀ rì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ bí wọ́n ṣe ń fa epo, omi àti yanrìn jáde. Omi òkun sì wọlé. Ìjọba Texas bá dìde, ó ní ilẹ̀ tó bá ti wà lábẹ́ omi òkun, ti ìjọba ni, tòun ti epo tó wà nínú rẹ̀. Àwọn elépo fèsì pé kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run ló rì í, àwọn ni àwọn fọwọ́ ara àwọn rì í. Kóòtù gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ẹ wò ó o: ilé iṣẹ́ dúró níwájú adájọ́, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló ba ilẹ̀ jẹ́, kí ilẹ̀ má baà bọ́ lọ́wọ́ òun. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó lè sọ ní agbègbè yìí pé òun kò mọ ohun tó ń rì ilẹ̀.

Síbẹ̀ wọn kò dúró. Lẹ́yìn epo, omi ló kàn. Àwọn ilé iṣẹ́ kún etí ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà wọ Houston, àwọn ìlú ń gbòòrò, kànga ẹlẹ́rọ ni gbogbo wọn sì gbára lé. Abẹ́ ilẹ̀ wa níbí jẹ́ ìpele yanrìn àti ìpele amọ̀, wọ́n tò lé ara wọn. Omi tó wà láàárín wọn ló ń gbé ilẹ̀ ró, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé táyà ró. Bí a bá fa omi náà ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, amọ̀ á máa fún pọ̀. Kò dà bíi kànrìnkàn tó ń wú padà bí a bá tì í bọ omi. Amọ̀ tó bá ti fún pọ̀, ó ti fún pọ̀ nìyẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè padà.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1979, ilẹ̀ ti rì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbi tó le jù, ní ìhà Pasadena àti Baytown, tí La Porte wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ga ju yàrá tí à ń sùn lọ. Àjọ USGS ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 3,200 máìlì níbùú lóròó ló rì ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Àdúgbò kan wà ní Baytown tó ń jẹ́ Brownwood. Láti ọdún 1937 ni wọ́n ti ń kọ́ ilé síbẹ̀, àwọn olówó ló ń gbé e, igi wà, omi wà, atẹ́gùn ń fẹ́. Nígbà tó fi máa di 1978, ilẹ̀ ibẹ̀ ti rì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Ìjì kékeré lásán ti ń kó omi wọlé wọn. Nígbà tí ìjì líle Alicia wá jà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, ó parí iṣẹ́. Wọn kò tún àdúgbò náà kọ́ mọ́. Baytown Nature Center ló wà níbẹ̀ báyìí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ wo ẹyẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tó rì? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́. Láti ọdún 1906 ni àwọn awọnlẹ̀, tí à ń pè ní sọ̀fíyọ̀, ti ń gbé ọ̀pá àti awò kọjá ní agbègbè yìí, láti àmì kan dé àmì kejì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àmì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ náà ń bá ilẹ̀ lọ. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń rì kò lè fi ìjókòó rẹ̀ wọn bí ọkọ̀ ṣe rì tó. Ó nílò ohun kan tí kì í yẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ni èyí. Wọ́n gbẹ́ ihò tó jìn gan-an. Èyí tó wà ní Seabrook, tí kò jìnnà sí La Porte, ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Wọ́n ti páìpù irin bọ inú rẹ̀ títí dé ìpele tí kò rọ̀ mọ́, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dè é mọ́ ìsàlẹ̀. Páìpù náà yọ orí lókè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó yí i ká kò dì í mú. Bí ilẹ̀ bá rì, páìpù kì í bá a rì. Lójú ẹni tó bá dúró tì í, á dà bí ẹni pé páìpù ń hù láti inú ilẹ̀ bí iṣu tó ń ta. Ẹ̀rọ kan ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, dórí ohun tí kò tó mìlímítà kan. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ju mẹ́wàá lọ ní agbègbè Houston, àwọn kan sì ti ń ṣiṣẹ́ kí àwọn òbí wa tó wọ Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn náà ni GPS dé: eríàlì lórí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dáadáa, tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì lọ́sàn-án lóru. Lẹ́yìn ìyẹn ni sátẹ́láìtì onírédà tí Ohenhen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò. Ó ń kọjá lórí ìlú, ó ń ju ìgbì sílẹ̀, ó ń gbà á padà, ó sì ń fi ti òní wé ti ọjọ́ tó kọjá. Ó lè wo gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, òrùlé dé òrùlé. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí GPS tó dúró lórí ilẹ̀, sátẹ́láìtì kàn lè sọ pé àdúgbò yìí ń rì ju tọ̀hún lọ ni. Kò lè fúnra rẹ̀ sọ bóyá gbogbo wọn jọ ń lọ sísàlẹ̀. Ọ̀kan kò rọ́pò èkejì.

Ti omi náà wà. Ní Morgan's Point, ní ẹnubodè La Porte, ẹ̀rọ kan ń wọn gíga omi òkun. Èyí tó wà ní Pier 21 ní Galveston ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tó ń sọ ni pé omi ń gòkè ní nǹkan bí mìlímítà 6.6 lọ́dún, ẹsẹ̀ bàtà méjì àti díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyẹn ga púpọ̀ ju bí òkun ayé lápapọ̀ ṣe gòkè láàárín àkókò yẹn. Kí ló fa àlékún náà? Èbúté tí wọ́n kan ẹ̀rọ náà mọ́ ń rì. Ẹni tí kò bá wọn ilẹ̀ yóò máa dá òkun nìkan lẹ́bi.

Ìwọ̀n yìí kì bá tí wúlò bó bá jẹ́ inú fáìlì ló kú sí. Ní ọdún 1975, ilé aṣòfin Texas dá àjọ Harris-Galveston Subsidence District sílẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ iye omi tí ẹnikẹ́ni lè fà láti abẹ́ ilẹ̀, kó sì gba owó ìyọ̀ǹda lórí rẹ̀. Ní ìhà etí omi tí La Porte wà, omi abẹ́ ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún omi tí wọ́n ń lò lọ. Ìyókù ń wá láti inú odò, pàápàá odò Trinity. Omi odò náà wọ́n ju ti kànga lọ, ṣùgbọ́n òfin dúró, páìpù tó wà nínú ihò Pasadena àti Baytown sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hù mọ́. Lọ́dọọdún ni àjọ náà ń pe aráàlú jọ, tí wọ́n á ka iye omi tí a fà àti iye tí ilẹ̀ fi rì sétí gbogbo ènìyàn.

A kò sọ pé Texas ti jáwé olúborí. Bí wọ́n ṣe dá La Porte dúró, ìrì náà ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn àti àríwá, níbi tí ilé tuntun ti ń hù bí olú: Katy, Fulshear, Spring. Ẹ̀yin náà mọ iye ìdílé Yorùbá tó wà ní Katy. Fort Bend ní àjọ tirẹ̀ láti ọdún 1989, ṣùgbọ́n ilé ń sáré ju òfin lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí bàbá tàbí màmá yín ń kùn nípa owó omi níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé apá kan rẹ̀ ń lọ sórí páìpù tó ń gbé omi odò wá kí a lè fi omi abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Lójú tiwa, owó yẹn kò pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sílé. Èkó jókòó sórí yanrìn àti amọ̀ bíi ti La Porte. Omi ìjọba láti Ìjù àti Àdìyán kò kárí, torí náà bọ́hòlù ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń gbé. Ọgbà kan lè ní mẹ́ta. Ní ìhà Lẹ́kí, Victoria Island àti Eko Atlantic, yanrìn tí wọ́n wà láti inú òkun àti ọ̀sà ni wọ́n fi dí omi kí wọ́n tó kọ́lé, bẹ́ẹ̀ yanrìn tuntun a máa jókòó, ilé ńlá tí a gbé lé e a sì máa tẹ̀ ẹ́. Ìwádìí ọdún 2022 sọ pé Èkó ń rì, pé kò rì ní dọ́gbadọ́gba, àti pé ìyàtọ̀ láàárín ibi tó ń yára rì àti ibi tó ń fà sẹ́yìn lè ya ilé. A kì í ṣe ara àwọn tó ń di gbogbo ilé tó wó ru ilẹ̀ o. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́ ọ àti àwọn tó yẹ kó bójú tó o ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọn kò kọ́ dáadáa, tí a tún gbé lé ilẹ̀ tó ń yẹ̀, ìyà méjì ló ń jẹ ẹni tó ń gbénú rẹ̀.

Tàbí kí a wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkun ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àti àdúgbò mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣé òkun ló ń gòkè ni, àbí ìgbì ló ń jẹ etí ilẹ̀, àbí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rì? Àtúnṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kò jọ ara wọn. Ògiri lè dá ìgbì dúró, kò lè dá ilẹ̀ tó ń rì dúró. Láìsí ìwọ̀n, owó tí wọ́n bá ná síbẹ̀ á dà bí oògùn tí a lò láìmọ àìsàn.

Nàìjíríà kò ṣófo pátápátá. Ọ́fíìsì Surveyor-General of the Federation dá ìgbékalẹ̀ GPS kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ NIGNET, ọ̀kan lára àwọn ibùdó rẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi, Lagos State Water Regulatory Commission. Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ni èyí tí La Porte ní: ibùdó ìwọ̀n tó pọ̀ tó láti Bàdágìrì dé Ẹ̀pẹ́, iye tí ilẹ̀ fi rì tí wọ́n á máa kéde fún aráàlú lọ́dọọdún, àti òfin tó fi iye yẹn pinnu ẹni tó lè gbẹ́ bọ́hòlù àti bí omi tó lè fà ṣe tó. Wọ́n á ní kò sí owó. A mọ̀. Àmọ́ owó tí àwọn ará òkè òkun ń dà sórí ilẹ̀ tó wà létí ọ̀sà yẹn pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè kankan kí wọ́n tó san án.

Àwa ni a lè bèèrè. Nígbà míì tí ìpàdé ìdílé lórí WhatsApp bá ń jíròrò pẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí bùọ̀dá tàbí àǹtí kan fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ rọra kúnlẹ̀, ẹ bi wọ́n bí ilẹ̀ náà ṣe ga sí omi ọ̀sà, ọdún wo ni wọ́n da yanrìn síbẹ̀, níbo ni omi mímu yóò ti wá. Wọ́n lè sọ pé òyìnbó ti gbà yín lórí. Ẹ fara dà á, ẹ tún un bèèrè.

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tí yóò kọ́ nínú yín, ó yẹ kó mọ̀ pé iṣẹ́ yìí wà. Àwọn àwòrán rédà Sentinel-1, tí àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kọ́kọ́ gbé lọ sójú ọ̀run ní ọdún 2014, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń kọjá lórí Èkó bó ṣe ń kọjá lórí La Porte. NISAR, tí Amẹ́ríkà àti Íńdíà jọ ṣe, gbéra ní oṣù Keje ọdún 2025, òun náà yóò sì máa wo ilẹ̀ méjèèjì. Kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀ àti sùúrù ni ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ nílò láti fi bẹ̀rẹ̀, àdúgbò tí bàbá rẹ̀ ti ra ilẹ̀ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀n.